Orí Ìyá Mi Ni Wọ́n Kọ́ Ilé Àṣà Lé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi yìí kì í ṣe èyí tí mo lè máa sọ fún àwọn oníbàárà mi ní Ọjà Igbó, níbi tí mo ti ń ta òwú ìránṣọ, bọ́tìnì àti síìpù, nítorí ẹni tó wá ra síìpù kò wá ra ìbànújẹ́. Bàbá mi ń bẹ nínú yàrá kejì sí ibi tí mo jókòó sí yìí, nílé ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé, ká máa fún wọn ní ohun tó bá ń wù wọ́n. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn, bó bá ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á rẹ ohùn sílẹ̀, á bi mí ní ìbéèrè kan náà: níbo lẹ máa sin Bàba sí? Èmi obìnrin tí ewú ti gba orí mi, mi ò mọ ìdáhùn. Bàbá mi bímọ, wọ́n ní ilé, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́, ṣùgbọ́n nílùú Ọ̀yọ́ tí a bí wọn sí, wọn kò ní ilẹ̀ tó gba ìdùbúlẹ̀ ara wọn mọ́. Ẹ ó ní ta ló gbà á? Ilé àṣà ló gbà á. Ilé tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi dáàbò bo àṣà Yorùbá ló lé àgbà Yorùbá kúrò nílé rẹ̀. Bí mo bá rántí, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí kí omi tó lé sí mi lójú.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni agboolé wa wà, iṣẹ́ awọ sì ni bàbá mi ń ṣe. Wọ́n ń rán tìmùtìmù, wọ́n ń ṣe àpò, wọ́n ń ṣe bàtà, àwọn tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé sì ń ti Ìbàdàn wá rà á. Ìyá mi ti pẹ́ tó ti kú. Mùsùlùmí ni wá, a ń kírun, a ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n nílé tiwa a kì í gbé òkú àgbà jáde. Ẹni tó bá gbé ilé náà dàgbà, ilé náà ni yóò sùn sí. Ẹ̀yìnkùlé, nítòsí kànga, ni a sin ìyá mi sí, bàbá mi sì fi ọwọ́ ara wọn po sìmẹ́ǹtì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ pẹrẹsẹ. Láràárọ̀ tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbá ojú oórì náà, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tàbí ìyàwó ilé kankan gbá a. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí láti gé awọ, wọn á sì máa bá ìyá mi sọ̀rọ̀: ọmọ lágbájá ti ṣègbéyàwó, òjò ọdún yìí ò fẹ́ rọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ti tún bímọ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Èmi ni Àbẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé orí wọn ti dàrú. Orí wọn pé. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ṣé kò ní í bá a sọ̀rọ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Mùsílíù, ló fa wàhálà wọlé. Ẹ má bínú pé mò ń dárúkọ rẹ̀ ní gbàǹgbà bí ẹni pé mo jù ú lọ. Mo ti pè é ní Bọ̀ọ̀dá títí ó fi sú mi. Òṣèlú ni iṣẹ́ tirẹ̀. Kò gé awọ rí, kò tajà rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ tó dé orí àlééfà tí kò ní fìlà wọn nílé. Ní ọjọ́ kan ó kó àwọn ọ̀gá kan láti Àbújá wọ agboolé wa. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngàn Àṣà kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, irú èyí tí kò sí níbì kan ní Áfíríkà, Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì yàn, ilẹ̀ tiwa ni wọ́n sì yàn nínú Ọ̀yọ́. Ẹ wò ó, ilẹ̀ tó ṣófo lọ rẹpẹtẹ lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, koríko nìkan ló wà lórí rẹ̀. Rárá o! Wọ́n ní àyàfi àárín ìlú, níbi tí àṣà gbé wà láàyè. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Àṣà wà láàyè níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wó ibẹ̀, ká lè ríbi kọ́lé fún un!

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí bàbá mi fi gbà. Mo rò pé ará Ọ̀yọ́ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Olórí àwọn àlejò náà, ọkùnrin gìrìwò kan tó wọ agbádá funfun báláú, kò jókòó sórí àga tí a gbé fún un. Ó nà gbalaja sínú erùpẹ̀, láàárín èérún awọ tí bàbá mi gé dànù, agbádá rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, àwọn tó tẹ̀ lé e náà sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi ní kó dìde, kò dìde. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàba, ọmọ yín ni wá. A ò wá gba ilé yín, a wá bá yín tún un ṣe ni.” Ó ní wọ́n á ṣe ọgbà kékeré yí ojú oórì ìyá wa ká, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní Bàba á ní yàrá tiwọn nínú gbọ̀ngàn náà, tí wọ́n á ti máa rán tìmùtìmù kí àwọn àlejò láti òkè òkun lè máa wò wọ́n. Ó ní wọ́n á kọ́ ilé mìíràn fún gbogbo ará agboolé kí katapílà tó wọlé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bàbá mi wo agbádá funfun tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ojú tì wọ́n. Ní ìgbà tiwọn, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ báyẹn ti fi orí ara rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá tún ní kó lọ mú ẹlẹ́rìí wá, tàbí kó tọwọ́ bọ̀wé, ìwọ lo di ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Bàbá mi ní àwọn gbà, kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe é láṣeyọrí. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ilé baba ńlá wọn dá ẹni tó dọ̀bálẹ̀ lọ́lá. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí olóṣèlú tó dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà, ohun tí mo máa ń rò ni pé ilẹ̀ ló ń wọ̀n.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wá kí Bàba kú ọdún. Mo béèrè pé ilé tí wọ́n ní wọ́n máa kọ́ fún wa yìí, níbo ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí, kí àwa náà lọ wo ilẹ̀ rẹ̀. Mùsílíù yí ojú sí mi bí ẹni pé mo tutọ́ sínú ọbẹ̀. Ó ní, “Ìwọ, ilé ọkọ lo wà. Kí ló kàn ẹ́ nínú ilẹ̀ bàbá wa? Dẹfẹ́lọ́ọ̀pùmẹ́ǹtì là ń sọ, o ń sọ ti ìdí ààrò.” Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní kí n ní sùúrù, pé a kì í fi ìbéèrè lé àlejò. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, bí ó bá ń pariwo lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ló rán an.

Katapílà dé kí búlọ́ọ̀kù kan tó dé fún ilé tí wọ́n ṣèlérí. Wọ́n wó yàrá ìyá mi, wọ́n wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti sọ gbogbo wa lórúkọ, wọ́n wó ilé àwọn àbúrò bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹbí sì fọ́n ká. Àwọn kan lọ sí Ìlọrin, àwọn kan lọ háyà yàrá sí ẹ̀yìn odi. Àwọn tó ń wó o ní àwọn ti gbọ́ nípa ojú oórì náà, àwọn kò ní dé ibẹ̀. Bàbá mi háyà yàrá kan tó dojú kọ ibẹ̀, wọ́n ní kí àwọn máa ṣọ́ ìyàwó àwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kan páànù yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ náà sì ní Bàba ò láṣẹ láti wọlé. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀ di ẹni tó ń yọjú wo ibẹ̀ láti inú ihò páànù. Nígbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí onílé náà sì fẹ́ kí wọ́n jáde, mo lọ kó wọn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ àṣà wa ẹ ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọkùnrin àgbà, pé kó máa gbé lábẹ́ òrùlé àna rẹ̀. Bí ọkọ mi bá wọlé tó sì dọ̀bálẹ̀ kí wọn, bàbá mi á wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọn kì í béèrè iyọ̀ sí ọbẹ̀ láé.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà, bó bá jẹ́ kíkọ́ là ń pè é. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, wọ́n pa màlúù, wọ́n sọ̀rọ̀ títí òùngbẹ fi gbẹ àwọn èrò, wọ́n fi ọ̀já pupa bo òkúta náà bí ìyàwó. Kọngílá àkọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ó gbé irin dúró, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè ti kúrò. Irin wà lójú òjò títí ó fi dípẹtà, adìyẹ ń yé ẹyin sínú ìpìlẹ̀ ilé àṣà gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìjọba tó tẹ̀ lé e dé, wọ́n ní ìpìlẹ̀ ti àkọ́kọ́ kò dára, àwọn máa gbẹ́ tiwọn. Wọ́n tún pa màlúù mìíràn! Àwọn wọ̀nyí ní kí orí ilé náà rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, nítorí igbá ni ogún Ọ̀yọ́. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń mú igbá lọ́wọ́ ló fẹ́ fi igbá bo ilé. Wọ́n ṣe igbá náà, wọ́n fi páànù wúwo bò ó, ìjì àkọ́rọ̀ òjò kan péré ló ṣí i, ó gbé e lọ sórí ilé alágbẹ̀dẹ kan. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n wá dá lẹ́bi pé ó sún mọ́ ilé àṣà jù.

Láàárín gbogbo ìgbà yìí, Mùsílíù kò gbẹ́yìn. Ìjọba ń yí padà, ó ń yí fìlà padà. Wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà. Ìgbìmọ̀! Ìpàdé ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n lọ sí òkè òkun lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe kọ́ tiwọn, ó mú ṣokoléètì bọ̀ wá fún Bàba. Wọ́n lo gbọ̀ngàn náà kó ajílẹ̀ ìjọba sí, wọ́n lò ó kó aṣọ ìpolongo ìbò sí, àwọn tó sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń mu igbó sì ń fi àwòrán olùdíje tẹ́ ilẹ̀ sùn. Tí mo bá gba Ọ̀yọ́ kọjá, mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti inú ọkọ̀, kí awakọ̀ má baà rò pé èmi náà ń mu nǹkan. Mo ní, Ìyá mi, ẹ fara dà á, àwọn amugbó nìkan ló ń bá yín sùn lónìí, ó sàn ju àwọn ọlọ́lá lọ.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìròyìn dé pé wọ́n ti parí rẹ̀, pé wọ́n fẹ́ ṣí i. Mùsílíù fúnra rẹ̀ gbé ọkọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ fún Bàba pé àwọn ni àlejò pàtàkì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bàbá mi di ọmọdé. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ra awọ pupa àti awọ dúdú ní Ọ̀yọ́. Pẹ̀lú ojú tó ti bàìbàì, wọ́n ń fọwọ́ wá ojú ihò kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ gún un, wọ́n rán tìmùtìmù kan tó tóbi, wọ́n ní yàrá tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn nínú gbọ̀ngàn náà ni àwọn fẹ́ gbé e sí. Abẹ́rẹ́ gún wọn lọ́wọ́ títí, wọn ò jẹ́ kí n bá wọn rán an. Wọ́n ní kí n ra tùràrí díẹ̀, pé àwọn á sun ún lórí ìyá mi, àwọn á tọrọ àforíjì pé àwọn pẹ́. Mo fọ agbádá sányán wọn, mo sá a, mo sì wà nídìí rẹ̀ kí ewúrẹ́ má baà fẹnu kàn án.

A dé Ọ̀yọ́. Wọ́n ti kun iwájú ilé náà ní ọ̀dà aláràbarà, iwájú nìkan ni o. Ẹni tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ báyìí á rí búlọ́ọ̀kù lásán tí omi òjò ti ya máàpù sí. Nínú, wọ́n fi aṣọ bo àjà kí á má baà rí ojú ọ̀run. Àwọn àga tí wọ́n háyà kún ibẹ̀, orúkọ àwọn ìjòyè òṣèlú wà lára wọn, orúkọ bàbá mi kò sí lára ọ̀kankan. Èmi ni mo bá àwọn tó ń to àga jà kí Bàba tó rí ìjókòó ike kan nítòsí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń ṣe alága ètò dúpẹ́ lọ́wọ́ Àbújá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé omi inú ọ̀rá wá. Bàbá mi rọra fà mí láṣọ. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, mú mi lọ kí ìyá rẹ kí àwọn wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.”

Mo mú wọn lọ sẹ́yìn. Kànga ṣì wà, wọ́n ti fi kọnkéré bò ó lójú. Bàbá mi fọwọ́ kan ètè kànga náà, wọ́n yí ara wọn síhà tó yẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn láràárọ̀, ọ̀pá wọn níwájú. Ọ̀pá náà lu ògiri. Wọ́n tún yí padà sídìí kànga, wọ́n tún rìn, ó tún lu ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò pàtàkì, tó ní táìsì lára, tí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ti àwọn ọlọ́lá nìkan. Bí a ti dúró níbẹ̀, ọkùnrin kan jáde síta, ó ń di bẹ́líìtì rẹ̀, ó ní “Ẹ kú ọjọ́ o, Bàba,” ó sì kọjá lọ. Omi ò sí nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí bàbá mi mọ ohun tí ọ̀pá wọn lù. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní, “Ìyá Mùsílíù, má bínú. Èmi ni mo gbà wọ́n láyè.” Wọ́n dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, fìlà wọn lọ́wọ́, àwọn ọlọ́lá sì ń sọ pé “ẹ gáfárà, Bàba” láti gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé.

Mo fi ìbínú wá Mùsílíù lọ. Ó ń gbọn eruku ara tìmùtìmù tí a fi sílẹ̀ lẹ́bàá ìjókòó Bàba nù, nítorí ó ti rí ohun tó lè fi ṣe. Ó ní, “Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, má bà á jẹ́ fún mi lónìí. Mínísítà fẹ́ sọ̀rọ̀.” Ọ̀gá kan tó mú àwòrán ilé náà lọ́wọ́ bá mi dá sí i, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, pé Àbújá ni pílánì ti wá, ibi tí pílánì fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí náà ló gbọ́dọ̀ wà. Àwọn bíríkìlà sì bá kọnkéré tó le dáadáa nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn má fi ṣòfò, wọ́n mọlé lé e lórí. Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká. “Mọ́mì, ẹ má wọ̀ọ́rì. A máa rílókéètì Màmá.” Rílókéètì! Bí ẹni ń sọ nípa gbígbé òpó iná lọ síbòmíràn. Nínú gbogbo ilé tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n tún gbẹ́ yẹn, ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo tí kò sán ni èyí tí bàbá mi tẹ́ sórí ìyá mi. Ibẹ̀ la wà tí mo fi gbọ́ àtẹ́wọ́ látinú gbọ̀ngàn. Mùsílíù ti gbé tìmùtìmù bàbá mi fún Mínísítà náà, ó ní ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ìdílé wa ni, ìdílé tó mọ rírì àṣà.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti dùbúlẹ̀. Dókítà dárúkọ àìsàn kan, mo mọ orúkọ tí èmi ń pè é. Wọn kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyá mi tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá, wọn kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé àṣà náà ńkọ́? Bí ọkọ̀ ọlọ́lá ti kúrò ni wọ́n ti fi àgádágodo tì í. Àjà tí wọ́n fi aṣọ bò ti já sílẹ̀. Ìjọba mìíràn tún ti dé, àwọn wọ̀nyí náà ní kò bójú mu, àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Òkúta ìpìlẹ̀ ló kù tí wọ́n lè fi kọ́ ilé níbẹ̀ báyìí, wọ́n pọ̀ tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá rú mi lójú nìyí. Mùsílíù wá lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, kò tíì bọ́ bàtà tán tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí Bàba, iwájú gbọ̀ngàn ni wọ́n máa sin wọ́n sí, lábẹ́ ère awọ ńlá kan, àwọn tẹlifíṣọ̀n á wá, Àbújá á sì rántí pé ilé náà wà, owó iṣẹ́ á tún jáde. Ó ti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá tó ṣì ń mí, ó ti ń fi í ṣe òkúta ìpìlẹ̀! Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò lè tún sọ níbí, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wá. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn. Nígbà tó lọ tán, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe ìran.” Mo ní mo gbọ́, mo ní ọkọ mi ti sọ pé kí wọ́n sùn síbí, pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Mo ti jẹun àna mi, mo ti sùn sórí ẹní àna mi. Má jẹ́ kí n tún wà nínú ilẹ̀ rẹ̀.”

Mo lọ bá Áfáà àdúgbò wa lẹ́bàá oríta Takie. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, gbogbo ilẹ̀, ti Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni, mo sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò sí ẹni tó ṣe wáàsí yẹn fún àwọn ará Àbújá kí wọ́n tó yan tiwa? Ó ní ìtẹ́ òkú gbogbogbòò wà. Nílé tiwa, àlejò tí a kò mọ orírun rẹ̀ là ń gbé lọ síbẹ̀, bàbá mi sì ti jẹ́ àlejò tó ní ayé yìí. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nígbà mìíràn, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n háyà àwọn géńdé méjì-mẹ́ta, kí a lọ fọ́ àgádágodo yẹn, kí a wó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọlọ́lá palẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí a fọ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, kí a sì tẹ́ bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó wọn. Ọkọ mi ní wọ́n á tì mí mọ́lé, pé dúkìá ìjọba ni. Dúkìá! Mùsílíù ní tí mo bá dán an wò, òun fúnra òun ló máa pe ọlọ́pàá sí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ mi dé ìhín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n gbé wọn lọ sí ìtẹ́ òkú láàárín àwọn tí wọn kò mọ̀? Ṣé kí n ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe, kí n sin wọ́n sílé àna wọn? Àbí kí n mú òòlù? Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ sọ, mo ti ṣetán láti gbọ́ èébú pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, kí n kọ̀wé sí ìjọba, kí n dúró de ìgbìmọ̀. Láti àárọ̀ yìí ni èémí wọn ti ń já, ọmọ mi àgbà ń ka Yáásíìnì sí wọn létí. Ilé àṣà lè dúró de ìjọba mìíràn. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró.